Ẹnubodè Tó Ṣípò: Àwọn Èrò Ọkọ̀ Elééfín Tó Forí Lé Amẹ́ríkà ní Ìparí Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

 

Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn èrò tó wọ ọkọ̀ ojú omi elééfín lọ tẹ̀dó sí ìlú onílùú ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe ọkọ̀ ojú omi. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo tò sórí ìlà níbẹ̀, mo ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan gba ìwé ìrìnnà mi. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná họ ojú físà wò. Ó bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni mò ń lọ, ọjọ́ wo ni n ó padà, èló ló wà lọ́wọ́ mi. Bàbá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn mi kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìjọba Amẹ́ríkà ló ń san owó oṣù rẹ ni?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Bí wọ́n bá dá yín padà níbẹ̀, àwa la máa gbé yín bọ̀, àwa náà la sì máa sanwó ìtanràn."

Mo ti ń ka ìtàn àwọn èrò ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kí n tó gbọ́ gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ló là mí lóye. Iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́jọ́ náà, ọdún 1891 ni wọ́n ti fi òfin dá a sílẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kò tíì sí láyé.

Àwa Yorùbá mọ oníbodè. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ odi ìlú ló máa ń jókòó sí, ó ń gba owó ibodè lọ́wọ́ alájàpá, ó ń bi àlejò léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ìlú tí o ń wọ̀ lo ti ń bá a pàdé. Bí ìlú kan bá wá rán ènìyàn rẹ̀ lọ jókòó sí àárín ìlú ẹlòmíràn pé kó máa bá òun ṣọ́ ibẹ̀, a kì í pe onítọ̀hún ní oníbodè mọ́. Ajẹ́lẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ tọpa rẹ̀ ni bí oníbodè New York ṣe di ajẹ́lẹ̀ ní Hamburg, ní Bremen àti ní Liverpool láàárín ogún ọdún péré, tó jẹ́ pé kì í ṣe ọlọ́pàá tàbí ọmọ ogun ló gbé e débẹ̀. Owó ọkọ̀ ló gbé e débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ọkọ̀ elééfín tó gbòde, ìgbòkun ni wọ́n fi ń la Òkun Àtìláńtíìkì. Afẹ́fẹ́ ló ni ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ojú rere, ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni láti Liverpool dé New York. Bí kò bá ṣe ojú rere, ó lè tó oṣù méjì, kí oúnjẹ tán, kí omi dìdàkudà, kí ibà sì máa gbé ènìyàn. Ní àárín àwọn ọdún 1850, ọkọ̀ onígbòkun ló ń kó ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1870, ó ku díẹ̀ kí gbogbo wọn máa wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń fi èédú dá iná sí nínú, tí ooru omi híhó ń ti ẹ̀rọ rẹ̀ síwájú. Ìrìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá.

Ìyára yẹn ni àwọn òpìtàn máa ń tẹnu mọ́, kò sì burú. Lójú tèmi, ohun méjì mìíràn ló ṣe pàtàkì jù ú lọ. Èkíní ni pé ọkọ̀ elééfín ní ọjọ́ tó ń ṣí, ó sì ní ọjọ́ tó ń gúnlẹ̀. Ẹni tó bá ní ọjọ́ lè ta tíkẹ́ẹ̀tì. Láìpẹ́, aṣojú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti dé inú ìlú kéékèèké ní Ireland, ní Sweden, ní gúúsù Ítálì àti ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà, ó ń ta ìwé ọkọ̀ fún àgbẹ̀ tí kò rí òkun rí. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ni kì í ṣe ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ ló rà á: ẹ̀gbọ́n tó ti lọ ṣáájú, tó ń wa kòtò ní Pennsylvania tàbí tó ń ránṣọ ní New York, ni yóò sanwó níbẹ̀, tí yóò sì fi ìwé ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé sí àbúrò. N kò rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá.

Èkejì ni pé ọkọ̀ elééfín wọ́n. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá díẹ̀ ló lè kàn án: Cunard, White Star àti Guion ní Liverpool, HAPAG ní Hamburg, Norddeutscher Lloyd ní Bremen. Àwọn wọ̀nyí ní ọ́fíìsì, wọ́n ní èbúté tiwọn ní New York, wọ́n ní orúkọ tí wọn kò fẹ́ kó bàjẹ́. Ọkọ̀ onígbòkun tó ń ti ibí já sí ọ̀hún, ta ni yóò mú un? Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ́fíìsì ní àárín ìlú rẹ, ọwọ́ rẹ tó o. Ẹ fi èyí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tálákà sí, lábẹ́ àjà, nítòsí ẹ̀rọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀. Ibùsùn onípákó wà lórí ara wọn. Òórùn èébì, ti epo ẹ̀rọ àti ti ara tí kò rí omi wẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń kó èrò lọ, tó sì ń fi àyè kan náà kó ọjà bọ̀ wá sí Yúróòpù. Ní 1879, òǹkọ̀wé ọmọ Scotland nì, Robert Louis Stevenson, wọ ọkọ̀ Devonia láti Glasgow. Obìnrin tó fẹ́ràn ló ń lé lọ sí California, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gíní 6 ni èrò ìsàlẹ̀ ń san. Stevenson san gíní 8, nítorí pé ó fẹ́ rí tábìlì tí yóò máa fi kọ̀wé. Gíní 2 tó lé yẹn fún un ní àkéte àti àwo, oúnjẹ rẹ̀ sì sàn díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló sì là á láàárín òun àti ìsàlẹ̀, tó fi ń gbọ́ bí àwọn tó wà lọ́hùn-ún ṣe ń bì, tí ọmọ wọn ń ké. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí ìwé náà jáde, wọ́n dá a dúró, ìgbà tí Stevenson ti kú tán ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ní 1895. Ó jọ pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ kò yẹ kó dé etí àwọn ọmọlúwàbí.

Ní New York, láti 1855 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti ya ibì kan sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń dé. Castle Garden lorúkọ rẹ̀, ní ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ Manhattan. Ilé ogun ni tẹ́lẹ̀, ó di ilé orin, ó wá di ilé àlejò. Ìdí tí wọ́n fi ṣí i dùn mọ́ mi nínú. Àwọn àgbèrò ni. Ẹ kò ṣì mí gbọ́. Kí ó tó di 1855, bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ báyìí, àwọn ọkùnrin kan a ya bò ó, wọn a já ẹrù gbà lọ́wọ́ èrò, wọn a máa fi èdè ìlú rẹ̀ kí i bí ẹni pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, wọn a mú un lọ sí ilé tí wọn yóò ti gba ẹ̀ẹ̀mẹta owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a sì ta ìwé ọkọ̀ ojú irin tí kò lọ síbì kankan fún un. Castle Garden fi ògiri sí àárín àgbèrò àti àlejò. Nínú ilé náà ni wọ́n ti ń ṣẹ́ owó, tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ojú irin, tí wọ́n ti ń wá ẹni tó ní iṣẹ́ láti fúnni. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 8 ènìyàn ló gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó tì í ní 1890. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Júù tó ń sọ Yiddish fi sọ orúkọ rẹ̀ di Kesselgarten, tí wọ́n sì ń fi orúkọ náà pe ibikíbi tí ariwo àti rúdurùdu bá wà.

Owó ni wọ́n fi ń bójú tó gbogbo èyí, owó orí tí ìpínlẹ̀ New York ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Ní 1876, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìpínlẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba irú owó bẹ́ẹ̀, pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ àjèjì. Àpò gbẹ. Wàhálà owó yìí ló ti ìjọba àpapọ̀ láti gbé òfin oṣù Kẹjọ 1882 kalẹ̀: kí ọlọ́kọ̀ máa san sẹ́ǹtì 50 lórí èrò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì dá ọ̀daràn, aṣiwèrè àti ẹni tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ padà. Ní 1885 wọ́n tún fi kún un pé ẹni tó bá ti bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn kó tó kúrò nílé kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ń ké pé àwọn ilé iṣẹ́ ń kó àjèjì wá ba owó iṣẹ́ jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1891 dé. Òfin oṣù Kẹta ọdún yẹn gbòòrò: ó lé ẹni tó ní àrùn tó ń ràn, ó lé ẹni tó ṣeé ṣe kó di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn, ó sì lé ẹni tó bá ní ju ìyàwó kan lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn Mormon ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n bàbá bàbá mi ì bá má kọjá ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìyẹn kéré lójú mi sí gbólóhùn kan tó wà nínú òfin náà: ẹnikẹ́ni tí a bá kọ̀, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó gbé e wá ni yóò gbé e padà lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ni yóò sì san owó oúnjẹ àti owó ibùsùn rẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi ṣí.

Ẹ rò ó wò bí oníṣòwò. Èrò ìsàlẹ̀ kan ń san nǹkan bíi dọ́là 30 lálọ. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, àyè tí ẹlòmíràn ì bá sanwó sí lábọ̀ ni yóò jókòó sí lọ́fẹ̀ẹ́, àfi kí o tún bọ́ ọ. Kí ni ọlọ́kọ̀ yóò ṣe? Yóò gba dókítà tirẹ̀ sí èbúté Hamburg. Yóò máa béèrè ìbéèrè kí ó tó gba owó. Kò sí òyìnbó Amẹ́ríkà kankan lórí ilẹ̀ Jámánì tó ń pàṣẹ fún un, síbẹ̀ òfin Amẹ́ríkà ló ń mú ṣẹ.

Ní ọdún 1893 wọ́n wá fún ajẹ́lẹ̀ yìí ní ìwé. Òfin sọ pé kí ọkọ̀ kọ orúkọ gbogbo èrò sílẹ̀, ọgbọ̀n ọgbọ̀n nínú ìwé kan, kí ó tó ṣí: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ṣé ó lè kà, ṣé ó lè kọ, ibi tó ti ń bọ̀, ibi tó ń lọ, ta ló san owó ọkọ̀ rẹ̀, ṣé owó ọwọ́ rẹ̀ tó dọ́là 30, ọ̀dọ̀ ìbátan wo ló ń lọ, ṣé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ṣé ó ti gba àdéhùn iṣẹ́, báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀gá ọkọ̀ àti dókítà ọkọ̀ yóò búra níwájú aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní èbúté tí wọ́n ti ṣí pé òtítọ́ ni. Ẹ fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn wé ti ọmọbìnrin Ìkẹjà.

Nígbà náà, Ellis Island ti dé. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1892 ni wọ́n ṣí i, ilé onípákó ńlá lórí erékùṣù kékeré nítòsí ère Òmìnira tí wọ́n ti gbé dúró láti 1886. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ni Annie Moore, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 láti Cork ní Ireland, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì, Anthony àti Philip. Ọkọ̀ Nevada ló gbé wọn wá; àwọn òbí wọn ti wà ní New York ṣáájú. Wọ́n fún un ní wúrà dọ́là 10, àwọn oníwèé ìròyìn kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì wọ inú ìlú lọ.

Èrò kíláàsì kìíní àti èkejì kò dé erékùṣù náà àfi bí nǹkan bá ṣe wọ́n. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ wọ́n wò, kíákíá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èrò ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ kékeré lọ dúró lórí ìlà. Dókítà a wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé a tẹ́ ìwé ọkọ̀ síwájú, a sì béèrè àwọn ìbéèrè kan náà tí wọ́n ti dáhùn ní Yúróòpù, láti mọ̀ bóyá ìdáhùn yóò bára mu. Ìbéèrè iṣẹ́ ló burú jù. "Ṣé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ dè ọ́?" Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, o ti rú òfin 1885. Bí o bá ní rárá, pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n lè ní ìwọ ni ẹni tí yóò di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn. Ìdáhùn tó gbà ni pé iṣẹ́ kò tíì sí, ṣùgbọ́n apá rẹ le, ìbátan rẹ yóò sì bá ọ wá a. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ara wọn bí wọn yóò ṣe dáhùn, bí ọmọ iléèwé tó ń há àkọ́sórí.

Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tó dé Ellis Island, bíi méjì ni wọ́n ń kọ̀. Àwọn kan máa ń fi iye yẹn yin Amẹ́ríkà pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà náà. N kò bá wọn gbà á. Méjì nínú ọgọ́rùn-ún kéré nítorí pé àwọn mìíràn kò wọ ọkọ̀ rárá. Aṣojú ti dá wọn padà sí abúlé, dókítà ọlọ́kọ̀ ti fọwọ́ tì wọ́n kúrò ní èbúté, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé kankan tí òpìtàn lè kà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí ajẹ́lẹ̀ yìí ṣe gbilẹ̀, ẹ wo ọdún 1892 kan náà. Ní oṣù Kẹjọ, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Hamburg. Omi odò Elbe ni ìlú náà ń mu láìsẹ́. Altona, ìlú tó fara kàn án, tó ń sẹ́ omi tirẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fara gbá nínú rẹ̀. Nǹkan bí 8,600 ènìyàn ló kú. Àwọn ọkọ̀ HAPAG ti ṣí ní èbúté náà: Moravia gúnlẹ̀ sí New York lẹ́yìn tí èèyàn tó lé ní 20 ti kú lójú omi. Harrison, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, pàṣẹ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án pé kí ọkọ̀ tó bá kó àwọn aṣíkiri dúró lójú omi fún ogún ọjọ́. Bọ́ ènìyàn ẹgbẹ̀rún kan fún ogún ọjọ́, kí o sì wo èrè rẹ. Àwọn ilé iṣẹ́ kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n lé wọn, wọ́n jáwọ́ fúnra wọn nínú kíkó èrò ìsàlẹ̀ fún sáà kan. Nínú ọkọ̀ Normannia, E. L. Godkin, olóòtú ìwé ìròyìn The Nation, wà lára èrò òkè tí wọ́n sé mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Fire Island, àwọn ará ibẹ̀ fàáké kọ́rí pé ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀. Godkin kígbe, gbogbo ayé gbọ́. Ó ti pẹ́ tí èrò ìsàlẹ̀ ti ń jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ láìsí ìwé ìròyìn tí wọ́n ń ṣe olóòtú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé àwọn Júù àti àwọn ará Pólándì tó ń ti Rọ́ṣíà bọ̀, bí Amẹ́ríkà bá dá wọn padà, ọ̀dọ̀ òun ni wọn yóò kù sí. HAPAG àti Norddeutscher Lloyd bá gbà láti kọ́ ibùdó àyẹ̀wò sẹ́nu ààlà Rọ́ṣíà. Ẹ wo bí ẹnubodè náà ṣe rìn: láti New York dé Hamburg, láti Hamburg dé ẹnu ààlà tó jìnnà sí òkun pátápátá.

Ọmọdébìnrin kan gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá ní 1894. Mary Antin lorúkọ rẹ̀, bíi ọmọ ọdún 13 ni, òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lọ bá bàbá wọn ní Boston. Àwọn ará Jámánì kọ́kọ́ dá wọn dúró ní ààlà. Nígbà tí wọ́n kọjá, ọkọ̀ ojú irin wọn dúró ní Ruhleben nítòsí Berlin, níbi tí àwọn ènìyàn tó wọ aṣọ funfun ti ń pariwo àṣẹ mọ́ wọn ní èdè tí wọn kò gbọ́ dáadáa. Wọ́n kó ẹrù wọn lọ, wọ́n bọ́ aṣọ lára wọn, wọ́n fi ohun kan tó ń yọ̀ ra wọ́n lára, wọ́n da omi lé wọn lórí, wọ́n fi ooru gbígbóná pa kòkòrò inú aṣọ wọn, wọ́n sì lé wọn padà sínú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn èrò náà rò pé ikú ló dé. Ní Hamburg wọ́n tún sé wọn mọ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mary kọ gbogbo rẹ̀ sí lẹ́tà sí arákùnrin ìyá rẹ̀ ní èdè Yiddish, lẹ́tà náà di ìwé ní 1899, From Plotzk to Boston. Aṣìṣe wà nínú àkọlé náà: Polotzk ni ìlú wọn, Plotzk sì jẹ́ ìlú mìíràn, ní Pólándì. Atẹ̀wé ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gba kí n yà díẹ̀. Ẹ ó ti gbọ́ ọ pé àwọn oníbodè Ellis Island ló ń yí orúkọ àjèjì padà nítorí pé wọn kò lè pè é. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí ọlọ́kọ̀ ti kọ ní èbúté àkọ́kọ́ ni akọ̀wé New York ń tọ́ka sí, ògbufọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí orúkọ bá wọ́, ọwọ́ ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ló ti wọ́, tàbí kí olórúkọ fúnra rẹ̀ gé e kúrú lẹ́yìn ọdún mélòó kan kí ó lè rí iṣẹ́. Àwa tí a ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ mọ ohun tó ń náni láti fi orúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí, ti àwọn ará Yúróòpù ni. Ní èbúté San Francisco, wọ́n ti fi òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 1882 ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà. Ọkùnrin kan wà tí ìtàn rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi, Chae Chan Ping. Ó ti gbé San Francisco fún ọdún 12. Nígbà tó fẹ́ lọ wo ilé ní 1887, ó gba ìwé ẹ̀rí tí òfin ní kí ó gbà, tó sọ pé ó lè padà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1888 ó wọ ọkọ̀ elééfín Belgic ní Hong Kong. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, nígbà tó wà láàárín òkun, wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun tó sọ gbogbo irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ di bébà lásán. Bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Belgic gúnlẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kó sọ̀. Ó pe ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1889 wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì gbé e padà. Nǹkan bí 20,000 ènìyàn ló ní irú ìwé tó ní lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń rí ẹnìkan tó ń wo fóònù rẹ̀ ní gbogbo wákàtí títí ọkọ̀ òfuurufú yóò fi gbéra, pé bóyá òfin ti yí padà, ẹ má pè é ní ojo.

Ní òru ọjọ́ 14 mọ́jú 15 oṣù Kẹfà 1897, iná jó ilé onípákó Ellis Island kanlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìjọba láti 1855, ti Castle Garden mọ́ ọn, jóná. Bí a bá ṣì rí orúkọ àwọn tó dé kó tó di ọdún yẹn kà, òfin kan tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́, òfin 1819, la jẹ ní gbèsè: ó ti pàṣẹ pé kí ọ̀gá ọkọ̀ máa fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní ìwé orúkọ èrò, ibòmíràn ni àwọn yẹn sì tọ́jú tiwọn sí. Ìwé ajẹ́lẹ̀ ló kù. Síbẹ̀ ìwé nìkan kò tó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, obìnrin mìíràn tó kú sí Texas ni wọ́n ń pè ní Annie Moore, títí olùwádìí kan fi fi hàn ní 2006 pé Illinois ni wọ́n ti bí onítọ̀hún. Annie tòótọ́ kò kúrò ní ìsàlẹ̀ Manhattan. Ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, tó ti bímọ, tó sì kú ní 1924. Sàréè rẹ̀ ní Queens kò ní òkúta orúkọ kankan títí di 2008.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín kí n tó jókòó. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọba kí ọkọ̀ òfuurufú tó gba iṣẹ́ mọ́ ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́, ọkọ̀ Elder Dempster ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀ láti Èkó lọ sí Liverpool. Àwọn tó wọ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ṣì ń bẹ láàárín wa. Ìwé orúkọ èrò tó wọ èbúté Bìrìtìkó láti 1878 sí 1960 wà ní ilé ìtọ́jú ìwé ìjọba wọn ní Kew, orúkọ wọn lè wà níbẹ̀, bóyá kọ́ńsónáǹtì kan ti wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ má dúró de iná. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ ọkọ̀, ẹ bi wọ́n ní ọdún, ẹ bi wọ́n pé ta ló san owó ọkọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ òní.